Ìkànsí Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ Nínú Linux àti Bí A Ṣe Ń Dán An Wò

Nígbà tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní ọdún 1991, kọ̀ǹpútà oníprósẹ́sọ̀ kan ni ó kọ kernel rẹ̀, ìyẹn gbùngbùn ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ, fún, èdè C ni ó sì fi kọ ọ́. Ní ọdún 1996 tí ẹ̀dà 2.0 fàyè gba prósẹ́sọ̀ púpọ̀, ìṣòro ìkànsí dìde: bí prósẹ́sọ̀ méjì bá ka 7 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 1 kún un, 8 ni àwọn méjèèjì yóò kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ 9 ló yẹ kó jẹ́. Àgádágodo, tí í mú kí èkejì dúró de èkíní, yanjú àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ó fa ìdádúró.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ìyálójà kan ṣe ń tajà ní ìsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí owó wọn kì í pàdé títí di àṣálẹ́. Ọgbọ́n yìí wọ inú BPF, ètò tí Steven McCanne àti Van Jacobson fi lélẹ̀ ní 1992 láti máa sẹ́ ìsọfúnni orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí Alexei Starovoitov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì mú gbòòrò nínú Linux ní 2014. Máàpù, ìyẹn àtẹ tí ó so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ iye rẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2016, ẹ̀dà 4.6 ti Linux mú máàpù tí ó ní iye ọ̀tọ̀ fún prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan wá.

Nínú irú máàpù yìí, ẹni tí ó ń kọ iye kò ní ìdádúró mọ́, ẹni tí ó ń kà á ni ó ń ṣe àròpọ̀. Nítorí èyí, ìdánwò inú fáìlì test_maps.c ti Linux fi 100 sí àyè prósẹ́sọ̀ àkọ́kọ́, 101 sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí àyè tí ó bá dà pọ̀ lè hàn kedere. Ó tún ń wò bóyá kernel yóò kọ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ tuntun nígbà tí máàpù bá ti kún.

Àwọn ìdánwò náà ní àléébù tiwọn: ní ìparí 2016, a ṣàtúnṣe sí wọn nítorí pé prósẹ́sọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni wọ́n ń kà, dípò gbogbo èyí tí kernel fi àyè sílẹ̀ fún, tí kernel fi lè kọ iye kọjá àyè tí ètò náà pèsè. Àròpọ̀ tí a bá sì ṣe nígbà tí ìkọsílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ lè má bá iye tí ó wà ní àkókò kankan mu gan-an. Ìdí nìyí tí ìdánwò tí ó péye fi gbọ́dọ̀ dá gbogbo ìkọsílẹ̀ dúró kí ó tó ro iye pọ̀.