Ẹ̀kú Eégún: Aṣọ Ijó Tí Ìgbòho Bá Wọn Rán

Bí bàtá bá ti ń dún kíkankíkan ní Ìgbòho, tí eégún aláré sì bọ́ sójú agbo, ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni dámáàsìkì, àrán àti léèsì. Ọmọdé á ní aṣọ ọjà ni. Bẹ́ẹ̀, mi ò mọ aṣọ ijó mìíràn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀ tó ẹ̀kú yìí, apá tó sì dùn jù nínú ìtàn ọ̀hún, Ìgbòho níbí ló ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn Tápà ló lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ọba ń ti ibì kan bọ́ síbì kan, kí ìjọba tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìgbòho ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọba mẹ́rin, Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé, ni wọ́n sin sí Igbó Ọba tó wà níbẹ̀ títí dòní. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé ìgbà Òfinràn ni àwọn Tápà fi awo eégún han àwọn ará Ọ̀yọ́. Ẹ ò rí nǹkan: ọ̀tá tó lé ni kúrò nílé ló tún fúnni ní ẹ̀kú.

Abípa ló jọba lẹ́yìn wọn. Òun ló fẹ́ kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, ṣùgbọ́n Ìgbòho ti bá àwọn ìjòyè lára mu, wọn ò fẹ́ kúrò. Nígbà tí ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ wo ilẹ̀ àtijọ́, àwọn ìjòyè gba ẹ̀yìn yọ sí i. Wọ́n kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ ṣíwájú, pé kí wọ́n máa ṣe bí iwin níbẹ̀ lóru. Àyà àwọn ìránṣẹ́ já, wọ́n bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Abípa ò gbà. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, àwọn ọdẹ sì kó gbogbo iwin náà wálé láàyè. Ọba wá mú wọn jáde lójú àwọn tó rán wọn. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin, Ìgbòho Mọ́rọ̀ ni wọ́n sì ń ki ìlú náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tó ṣèwádìí tó jinlẹ̀ lórí eré alárìnjó, ìyẹn eré àwọn eégún aláré, ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mọ́ ìpìlẹ̀ eré orí ìtàgé wa. Ó tọ́ka sí ìran Ológbojò láàfin, sí Ọlọ́jọ̀wọ̀n tó gbẹ́ ìbòjú onígi, àti sí Alárán Òrì tó rán aṣọ. Inú mi dùn pé ìtàn dárúkọ aránṣọ. Onílù àti oníjó la sábà máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì lè rí nìkan ni màá sọ. Èyí tó sún mọ́ ara jù, aṣọ híhun wa ni, funfun òun aró nílà-nílà, irú èyí tí wọ́n fi ń di òkú. Kò gbọdọ̀ fi ibì kankan sílẹ̀: ọwọ́ wọnú rẹ̀, ẹsẹ̀ wọnú rẹ̀, àwọ̀n ló bo ojú, nítorí ará ọ̀run kì í fi awọ ara hàn. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń rán ọ̀já aṣọ gbọọrọ sí, léra-léra. Etí àwọn mìíràn á rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, àwọ̀ pupa sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ìgbàlà ni wọ́n ń pe etí ṣóńṣó-ṣóńṣó náà. Bí eégún bá ń yí, atẹ́gùn tí àwọn ọ̀já náà ń fẹ́ sí èrò lára, ire ni wọ́n gbà pé ó ń fẹ́ wá. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó náà ní wàbì tirẹ̀, ọ̀já tó yí ìdí ká, tó máa ń fò sókè bó bá ń jó. Ìdí ni wàbì ń tẹ̀ lé. Gbogbo ara ni ẹ̀kú ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀kú kì í gbó kí wọ́n dà á nù. Ọdún dé, ìdílé á rán ọ̀já tuntun lé tàtijọ́. Ẹni tó mọ aṣọ, ìtàn òwò ló ń kà níbẹ̀. Òfì irú ti Ìṣẹ́yìn wà nísàlẹ̀. Àlàárì wà, tí òwú ṣẹ́dà pupa rẹ̀ gba aginjù Sàhárà kọjá kó tó tẹ ahunṣọ wa lọ́wọ́. Àrán àti dámáàsìkì tí ọkọ̀ òkun gbé wá tẹ̀ lé e. Ańkárá dé, léèsì dé.

Nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, Hugh Clapperton àti Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Èrèlé 1826, àwọn eégún aláré ṣe eré fún wọn. Àwọn tó wọ àpò ń fò kiri. Erè gbọọrọ kan yọ. Níkẹyìn, àpò kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó wà nínú rẹ̀, òyìnbó sì jáde, ó funfun bí ìda, ó tín-ín-rín, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí, ó ń fín aáṣà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Èrò rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń wo àwọn àlejò lójú bóyá ó jọ wọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, ṣùgbọ́n eré náà ò parẹ́. Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, wà lára àwọn tó jogún alárìnjó.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kú wé aṣọ ijó ilẹ̀ mìíràn. Ní Íjíbítì, aṣọ ijó ikùn tí gbogbo ayé ń pè ní ti ìbílẹ̀, èyí tó ya àyà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdí, tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀, ilé ijó alẹ́ ìlú Kairo ló ti gbilẹ̀, irú èyí tí Badia Masabni ṣí ní 1926. Sinimá Hollywood náà bá wọn dá sí i. Àwọn ghawazi, oníjó tó ń jó ní ìgboro ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀wù gígùn ni wọ́n ń wọ̀. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú wọn. Níbẹ̀, tuntun gba ipò àtijọ́. Tiwa gorí àtijọ́ ni, àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀.

Ìgbà tí ijó bá gbóná ni kí ẹ wò ó. Onílù á yára, atọ́kùn á sún èrò sẹ́yìn, eégún á fò yí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Léèsì á gbéra, àrán á gbéra, gbogbo ọ̀já á tẹ́ pẹrẹsẹ bí agbòjò tí wọ́n ṣí, òfì funfun òun aró á sì yọjú nísàlẹ̀. Kí ẹ tó nawọ́ sí i han ara yín, wọ́n á ti bò ó padà.