Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹro

"Fọkàn balẹ̀, fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro." Ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ inú ẹran dáadáa: abẹ́ ẹ̀dọ̀ gan-an ni òróǹro wà. Jẹ́jẹ́ ni alápatà ń yọ ọ́, kí ẹran má bàa korò. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò náà. Òróǹro kàn ń tọ́jú rẹ̀ de ọ̀rá oúnjẹ ni.

Inú omi yìí ni ẹ̀dọ̀ ń da àwọ̀ ìyeyè tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó sí. Bí kò bá rí i dà nù, ojú á pọ́n. Ibà pọ́njú nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, tó di ara ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975, àwọn dókítà ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó. Bí ara rẹ̀ kò bá sì ní èròjà G6PD tó, káńfọ̀ inú aṣọ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí àwọ̀ ìyeyè náà wọ ọpọlọ.

Ẹ̀yin ìyá Òṣogbo àti Iléṣà, bí ojú ìkókó bá pọ́n, ẹ má fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.