UTAKO: TA NI WỌ́N BI LÉÈRÈ KÍ WỌ́N TÓ YA ÀWÒRÁN ÌLÚ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹnìkan, ọ̀rọ̀ àdúgbò tí gbogbo wa ń gbé ni. Ta ni ó pinnu pé ibi báyìí ni ọjà Utako yóò wà, ibi báyìí ni ibùdókọ̀, ibi báyìí ni ilé ìwé? Ǹjẹ́ wọ́n bi àwọn tí ń gbé ibẹ̀ léèrè?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà láti wò ó bóyá ó yẹ kí olú ìlú kúrò ní Èkó. Tai Ṣólàrín wà lára wọn. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti jábọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, òfin jáde tí ó sọ ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó di ti ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa Murtala, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó sì bá iṣẹ́ náà lọ.

Bí ìjọba ti ń sọ ọ́ nígbà náà, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ òfìfo ni. Ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi, tí àwa sábà ń pè ní Gwárí, ti ń dáko níbẹ̀ láti ayébáyé, pẹ̀lú àwọn Koro, Gade, Gwandara àti àwọn mìíràn. Utako jẹ́ ọ̀kan nínú abúlé Gbagyi wọ̀nyí kí ó tó di àdúgbò olówó.

Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo ènìyàn kúrò pátápátá, kí wọ́n sanwó gbà-má-bìínú fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde lọ́la pé òun ni onílẹ̀ olú ìlú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ ṣáájú wọn, wá yẹ ilẹ̀ náà wò, ó hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ ju bí ìjọba ti rò lọ fíìfíì. Owó tí yóò bá ìkólọ náà rìn kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ọdún 1978, ìjọba yí ohùn padà: ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lè dúró, àyàfi ẹni tí ibùgbé rẹ̀ bá bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìlú sí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Kì í ṣe ìwọ́de ni ó yí ètò yẹn padà, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rin ilẹ̀, wọ́n sì ka ènìyàn. Síbẹ̀, kíkà yàtọ̀ sí bíbéèrè. Wọ́n mọ iye àwọn Gbagyi, wọn kò bi wọ́n irú ìlú tí wọ́n fẹ́.

Ní ọdún 1979 ni Master Plan Àbújá parí. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tí wọ́n para pọ̀ ni wọ́n yà á. Kenzo Tange, ará Japan, ni ó ṣe ètò àárín gbùngbùn ìlú. Wọ́n fi Utako sí ìpele kejì, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà: B05. Ìjọba kó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991. Bí ìpele kejì ti ń gbòòrò, títì ọlọ́dà yí abúlé Utako ká, ilé alájà sì yọrí lókè òrùlé páànù. Wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ òpópónà ńlá kan níbẹ̀, èyí tí inú wa dùn sí. Ibùdókọ̀ ńlá tí ó wà ní Utako, Jabi Park ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Orúkọ pàápàá, a kò bi ará Utako.

Àwọn tí ó ti Èkó wá nínú wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1924 ni ìjọba amúnisìn dá LEDB sílẹ̀ ní 1928. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, ilé iṣẹ́ yìí wó ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni pé ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ń tajà ti pàdánù oníbàárà wọn, ẹbí sì ti tú ká. Lẹ́yìn tí ilé ti wó ni ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó gbọ́ wọn.

Nílé wa níbí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ Àbújá. Ààrẹ ni ó ń yan mínísítà. A ń dìbò fún alága AMAC àti kánsílọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ FCDA àti àwọn ẹ̀ka mìíràn lábẹ́ mínísítà ni àwòrán ìlú wà. Ẹni tí a dìbò fún kọ́ ni ó ń pín ilẹ̀. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà tí ó sì ń wó ilé tí kò bá Master Plan mu, ọ̀pọ̀ ènìyàn mú ìwé ilẹ̀ tí káńsù fún wọn jáde, wọ́n sì gbọ́ pé káńsù kò ní àṣẹ láti fún wọn. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sórí gọ́tà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ilé wọn wó ni ó ti fojú kan àwòrán náà rí?

Òfin ètò ìlú ti 1992 fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n fi ètò tuntun han aráàlú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè kọ ọ́ wá. A kò lè kọ àtakò tí a kò bá ní àkọsílẹ̀ tiwa. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé àdúgbò: ilé gbígbé wo ni ó ti di òtẹ́ẹ̀lì, gọ́tà wo ni omi kì í gbà kọjá, ọmọ mélòó ni ó ń sọdá òpópónà lọ sí ilé ìwé. A ó mú un tọ olórí abúlé Utako lọ kí àwọn náà fi tiwọn sí i, nítorí àwọn ni wọ́n ṣáájú wa débẹ̀. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lónìí. Ẹ kọ orúkọ òpópónà yín àti ohun tí ẹ rí níbẹ̀ kí ẹ tó lọ jẹun.