Ìkọ́ṣẹ́ nílé arọ: ta ló ń sanwó rẹ̀?

Ìkọ́ṣẹ́ ni kí ọmọ fi ọdún pípẹ́ sin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ títí yóò fi mọ iṣẹ́ náà. Láàrin àwa Ifẹ̀ ìhà Atakpamé, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ana, àti láàrin àwọn ìbátan wa Yorùbá, inú ẹbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í san nǹkan kan fún baba rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ti òde wá ni ọ̀rọ̀ owó máa ń yọjú.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé arọ. Ọmọ tuntun kì í fọwọ́ kan ọmọ owú. Ẹwìrì ni wọ́n máa ń kó fún un: ó ń fínná, ó ń ru èédú, ó ń pọnmi, ó tún ń bá ọ̀gá ro oko. Ọ̀gá ló ń pàdánù nígbà yìí, nítorí ó ń bọ́ ọmọ, ọmọ sì ń ba irin jẹ́. Irin ọ̀hún kò sì pọ̀ kí ti òyìnbó tó dé. Òkúta ni wọ́n ń yọ́ kí wọ́n tó rí i, bí wọ́n ti ń ṣe ní Banjeli nílẹ̀ Bassar, ní àríwá Togo. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ ti lè rọ ọkọ́ àti àdá tó ṣeé tà, ọ̀gá ló sì ń gba owó rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ọ̀gá wà. Bí ọmọ bá sá lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọṣẹ́, òfò ni. Kò sí ìwé tó dè é: orúkọ baba rẹ̀ ni, àti Ògún tí wọ́n fi búra.

Àwọn kan ń da èyí pọ̀ mọ́ ìwọ̀fà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwọ̀fà, èlé lórí owó ni. Bó fi ogún ọdún ṣe é, gbèsè kò dín. Iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní tirẹ̀ ń san gbèsè ẹ̀kọ́, gbèsè náà a sì tán lọ́jọ́ kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1563 ní kí ó jẹ́ ọdún méje. Adam Smith kọ ọ́ ní 1776 pé ó ti pẹ́ jù, ọdún 1814 ni wọ́n sì tó mú òfin náà kúrò.

Lónìí, òbí ló ń san sẹ́fà fún ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní patron, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń náwó sí ọjọ́ libération. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọmọ kò dín, ilé òbí rẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Tí a bá bi àwọn ọ̀gá, wọ́n á ní bí àwọn baba ti ṣe é nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé arọ: obì, ọtí àti ẹran Ògún ni òbí sábà máa ń gbé wá, ọ̀gá ló sì ń bọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ní àgbà alágbẹ̀dẹ nílé, ẹ bá wa bi wọ́n: ọdún mélòó ni ẹ lò, ọdún wo ni ẹ kọ́kọ́ rọ ohun tí wọ́n tà, ta ló sì ń bọ́ yín?