Òtútù Kì í Pa Yíìsì

Bí òjò oṣù Keje bá ń rọ̀ láìdá ní Zion Pepe ní Ìlàjẹ, tí atẹ́gùn òkun ń gba àlàfo pákó wọlé, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe búrẹ́dì nínú ilé lè rí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún un pé òtútù ń pa yíìsì, fúláwà tí a bá pò lọ́jọ́ òjò kò ní wú. Kì í ṣe ní etí òkun Ìlàjẹ nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílùú tí òjò dídì ti ń bọ́ náà ń sọ ọ́. Àṣìṣe sì ni.

Ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó fìdí èyí múlẹ̀ láti ọdún 1857 síwájú. Ohun tíntìnrín tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà, tó ń tu afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń há sínú fúláwà tí a pò, tó ń gbé e sókè. Irú rẹ̀ kan náà wà nínú emu. Kí èyí tí wọ́n gbẹ sínú páálí tó wọ́pọ̀, emu ni ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń wú búrẹ́dì.

Láàárín 25°C sí 35°C ni ara rẹ̀ máa ń yá jù. Bí òtútù bá mú un, ó máa ń lọ́ra, ṣùgbọ́n kò kú. Nínú fírìjì, ní nǹkan bí 4°C, fúláwà pípò ṣì ń wú díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Àwọn oníbúrẹ́dì ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìlọ́ra yẹn ń fi adùn sí búrẹ́dì. Ooru ló ń pa á. Bó bá ti kọjá 55°C sí 60°C, ó ti tán. Ní etí òkun Ìlàjẹ, àárín gbùngbùn òjò pàápàá kì í sábà tutù ju 21°C lọ. Òtútù tí à ń dá lẹ́bi yìí, ooru ni wọn ì bá pè é ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe pupuru, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ti mọ èyí. Bí òjò bá pọ̀, tí omi tutù, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Kò sí obìnrin tó ń wí pé òtútù ti pa ẹ̀gẹ́ òun. Yóò kàn fi ọjọ́ kan kún un ni. Òótọ́ ni pé bakitéríà ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀, kì í ṣe yíìsì, ṣùgbọ́n bákan náà ni òtútù ń ṣe wọ́n.

Síbẹ̀, kì í ṣe irọ́ ló bí àṣìṣe yìí. Lóòótọ́ ni búrẹ́dì ọjọ́ òjò sábà máa ń pẹlẹbẹ, ọ̀rinrin ló sì ń fà á. Fúláwà inú àpò tó ṣí sílẹ̀, nínú ilé tó dúró lórí òpó lókè omi, máa ń fa ọ̀rinrin sára. Bí a bá bu iye omi tí à ń bù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sí i, yóò dẹ̀ jù, yóò tẹ́ dípò kó gbéra. Yíìsì gbígbẹ tí páálí rẹ̀ ti ṣí náà ń fa ọ̀rinrin, ó sì ń kú díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó kàn án. Ṣúgà tún wà ńbẹ̀. Búrẹ́dì dídùn la fẹ́ràn ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ṣúgà tó bá pọ̀ jù ń fa omi kúrò lára yíìsì, a sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Èyí tó burú jù ni oògùn tí wọ́n ń lò sí òtútù náà. Wọ́n á da omi gbígbóná látinú fúláàsì sí yíìsì kí ara rẹ̀ lè yá. Ibẹ̀ gan-an ló ń kú sí. Nígbà tí búrẹ́dì kò bá wá wú, òjò ni wọ́n á dá lẹ́bi, ìkìlọ̀ àtijọ́ á sì tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Omi tí ìka lè gbà mọ́ra láìyára fà sẹ́yìn ló tọ́ sí yíìsì.

Ohun tí ọjọ́ òjò ń béèrè ni àkókò. Ẹni tó bá mọ Bíbélì yóò rántí Ẹ́kísódù orí 12: àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbé ìyẹ̀fun pípò kúrò ní Íjíbítì láìwú nítorí pé wọ́n lé wọn jáde, wọn kò ráyè dúró. Fúláwà tó ń gba wákàtí kan lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn lè gba méjì lọ́jọ́ òjò. Kí a má wo aago. Kó di ìlọ́po méjì kí a tó gbé e sórí iná.

Àìsí ààrò kì í ṣe àwáwí. Ìkòkò irin tí a tẹ́ iyanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀, tí a dé, tí a kó ẹyin iná lé ìdérí rẹ̀, ń ṣe búrẹ́dì jinná. Ṣùgbọ́n iyanrìn etí òkun lọ́jọ́ òjò kì í gbẹ. A ó kọ́kọ́ yan án ná.

Ẹni tí yíìsì rẹ̀ bá ń kọ lóminú, kó má wojú ọ̀run. Kó po síbí kan rẹ̀ mọ́ ṣúgà díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó dúró fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá hó, kó po fúláwà. Bí kò bá hó, kó dà á nù kó tó fi fúláwà ṣòfò.