Buni Yadi àti Chibok: Ibi Tí Fìtílà Ìròyìn Dé

Ní òru ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé, ọdún 2014, àwọn agbésùnmọ̀mí Boko Haram ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi, ìpínlẹ̀ Yobe. Wọ́n dáná sun ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí, wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin nípakúpa, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọbìnrin padà sílé lọ wá ọkọ fẹ́. Iye òkú tí àwọn oníròyìn kà tó 59. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi rọlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ 14 oṣù Igbe, ẹgbẹ́ kan náà kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno. Lọ́tẹ̀ yìí, ayé gbọ́. Tọkùnrin tobìnrin tú sí ìgboro Abuja, Oby Ezekwesili wà lára àwọn tó ṣaájú wọn, wọ́n ń ké pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà. Michelle Obama, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìwé tí wọ́n kọ igbe yẹn sí dání nínú àwòrán tó tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ lọmọ ń jẹ́. Kí ló wá mú kí a mọ Chibok ju Buni Yadi lọ?

Ìdí kan ni pé ìròyìn òkú sábà máa ń parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin ín. Ti ẹni tí wọ́n jí gbé kò tíì parí: ṣé yóò dé, àbí kò ní í dé? Akọ̀ròyìn lè padà lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́la àti lọ́tùnla. Ojú ló sì ń rójú ṣàánú. Abubakar Shekau, olórí àwọn apànìyàn náà, mọ èyí dájú. Ó ṣe fídíò, ó lérí pé òun yóò ta àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fi wọ́n hàn nínú fídíò mìíràn. Àwọn iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán káàkiri ayé gbé e sáfẹ́fẹ́. Báyìí ni ẹni tó sá pamọ́ sínú igbó ṣe wọ pálọ̀ àwọn tí kò mọ ọ̀nà Borno rí.

Ìbẹ̀rù tó ti ibẹ̀ wá kì í ṣe èké, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ti Chibok nìkan lè rò pé ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n ń dọdẹ.

Ọdún tó tẹ̀lé e tún fi irú rẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹẹrẹ, 2015, Boko Haram kọlu Baga, létí adágún Chad. Ní ọjọ́ 7, àwọn agbébọn pa ènìyàn 12 ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Charlie Hebdo àti àyíká rẹ̀ ní Paris. Kámẹ́rà ayé dà lọ sí Paris; wọ́n ka òkú ibẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti orúkọ wọn. Ní ti Baga, àwọn ológun ní òkú kò ju 150 lọ, àwọn mìíràn ní ó lè tó 2,000. Àárín iye méjèèjì yìí fẹ̀ tó odidi ìlú, àhesọ ló sì kún un.

Àwọn kan a máa sọ pé kí oníròyìn dákẹ́, kí apániláyà má baà rí òkìkí. Ìdákẹ́ kò gba Buni Yadi là. Ariwo Chibok wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìjọba gbàgbé: wọ́n gba ọmọ 21 padà ní 2016, wọ́n gba 82 ní 2017. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn kan náà fi han ajínigbé pé ọmọ ilé-ìwé níye lórí. Ní 2018, wọ́n kó ọmọbìnrin 110 ní Dapchi, ní ìpínlẹ̀ Yobe kan náà tí Buni Yadi wà.

Nítorí náà, kí oníròyìn má pa fìtílà, kó má sì kó gbogbo fìtílà sójú kan. Kó ka òkú abúlé bó ti ń ka ti ìlú ńlá, kó dín fídíò apànìyàn kù, kó sì padà síbi tí ariwo ti tán. Òǹkàwé náà ní ipa tirẹ̀: bí ìbẹ̀rù ibì kan bá gbà á lọ́kàn, kó bèèrè ibi tí ìròyìn kò dé. Wọ́n sin ọmọ ní Buni Yadi náà.