Ìwé Ẹ̀rí Alábòójútó Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Ẹlẹ́rìí Rẹ̀?

Kókó ìjíròrò ti òní ni ìwé ẹ̀rí tí àwọn alábòójútó kọ̀ǹpútà máa ń mú lọ síbi ìwáṣẹ́, àti bí agbanisíṣẹ́ ṣe lè mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Alábòójútó kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwòsàn, ní báǹkì tàbí ní yunifásítì ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ní í pinnu ẹni tí yóò wọlé. Òun ní í tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀. Òun náà ni yóò sì jí ẹ̀rọ dìde bí ó bá dákú. Bí a bá fi irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lé ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lè parun ní ọjọ́ kan.

Kí ìwé tó di ohun tí a ń fi wáṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni irú ìbéèrè yìí ti wà. Alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ tí ó bá ní òun ti kọ́ṣẹ́ yanjú, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni a ti ń wádìí, a ó sì tún wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìlànà méjì nìyẹn: ẹ̀rí ẹni tí ó kọ́ni, àti ẹ̀rí iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìtàn ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà fi hàn pé bí a bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ń gbà wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ Data Processing Management Association bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ni ó ń jẹ́rìí nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ ní àwọn ọdún 1980, ẹni tí ó ń ta ọjà di ẹlẹ́rìí. Novell bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ó mọ NetWare ní ìwé ẹ̀rí. Microsoft tẹ̀ lé e ní 1992.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Àwọn kan há ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò Microsoft sórí, wọ́n sì yege láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Àwọn elégbè wọn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé orí pépà nìkan ni wọ́n ti jẹ́ amòye. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: ìwé ẹ̀rí wọn kì í ṣe ayédèrú. Ìwé jẹ́ òtítọ́, ìmọ̀ ni ó jẹ́ irọ́. Ayẹ̀wò ìwé nìkan kò lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀.

Cisco ti rí ọ̀nà mìíràn ní 1993 pẹ̀lú ìdánwò CCIE. Lẹ́yìn ìdánwò orí ìwé, ọjọ́ méjì gbáko ni olùdánwò fi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gan-an, títí di 2001 tí wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ kan. A ó ní kí ó so ẹ̀rọ pọ̀. A ó tún ní kí ó wá àléébù rí, kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí ó bá yege gba nọ́ḿbà tirẹ̀. Red Hat náà gbé ìdánwò tirẹ̀ ka orí iṣẹ́ ọwọ́. Báyìí ni ìlànà ahunṣọ ṣe padà wá.

Lónìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán lè ṣe ìwé ẹ̀rí ayédèrú tí ó dán ju ojúlówó lọ. Nítorí náà, òǹtẹ̀ kọ́ ni agbanisíṣẹ́ ń wò, nọ́ḿbà ni. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí Linux Professional Institute, fún àpẹẹrẹ, ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ àti àmì ìwádìí tí yóò fi lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Kí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá ojúlé àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó má ṣe gba ojú ọ̀nà tí olùwáṣẹ́ là sílẹ̀ fún un, nítorí ẹni tí ó lè ṣe ìwé èké lè kọ́ ojúlé èké. Kí ó wo ọjọ́ pẹ̀lú: láti 2011 ni ìwé ẹ̀rí A+ tuntun ti CompTIA kì í ti í lò ju ọdún mẹ́ta lọ bí a kò bá sọ ọ́ dọ̀tun. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 tún dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀; ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni a ti lè béèrè.

Àmọ́ ìwádìí kò gbọ́dọ̀ di ìfìyàjẹni. Ọmọ Yorùbá lè ní orúkọ mẹ́ta. Obìnrin lè yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Microsoft sì fòpin sí MCSE ní 2021, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbà á tẹ́lẹ̀ kò purọ́. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ kò bá bára mu, kí a kọ́kọ́ bi olùwáṣẹ́ léèrè. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé e ka iwájú ẹ̀rọ tí a ti mọ̀ọ́mọ̀ dà rú, kí a sì ní kí ó tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí ó kù fún ìjíròrò ni èyí: ta ni yóò san gbèsè ohun tí irọ́ bá bà jẹ́ láàárín ogún ọdún náà, ẹni tí ó purọ́ ni, tàbí ẹni tí kò wádìí?